Ó Tì

Mo fa ilẹ̀kùn mọ́ra, mo ní, "Tì."
Ilẹ̀kùn ní, "Ó tì."
Oṣù mẹ́ta la fi fa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí
ní ẹ̀gbẹ́ òkè Ìbẹ̀rẹ̀kodó,
èmi àti ilé mi alátáyà mẹ́fà,
bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ káàkiri abúlé
kí n tó rà á ní gbànjo,
kí n tó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì síbi tí ọmọ ọlọ́mọ ti ń ké.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mi ò kọ́lé.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wa ọkọ̀ ìjọba.
Ẹni tí ìjókòó awakọ̀ ti mọ́ lára
kì í tètè gbà pé ilé gbọdọ̀ dúró sójú kan.

Ahọ́n irin ń yọ, kò kan férémù.
Kọ́kọ́rọ́ ń yí lófo bí kòkòrò tó ṣìnà nínú ẹ̀wà.
Mo fi okùn so ó, mo fi wáyà wé e,
mo gbé odidi àpò sìmẹ́ńtì tì í lẹ́yìn;
atẹ́gùn odò Ògùn fi ìka kan ṣí i.
Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò ráyè wọ̀ ọ́.
Ògiri tèmi panu mọ́ jẹ́ẹ́, páànù ni.
Ilẹ̀kùn ló ń yán,
alángbá sì ti yé ẹyin sínú bàtà mi.

Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn ní ìwà tirẹ̀:
ọ̀kan ò tì, èkejì ò ṣí.
Ọjọ́ Àìkú kan ló há mi mọ́bẹ̀,
láti ìgbà tí agogo ìsìn lù
títí àwọn olùjọsìn fi ń darí bọ̀,
tí mo ń fi ìkúùkù lu fèrèsé tí kò ju àwo lọ.
Ọmọdé kan dúró. Ó ní, "Ṣé èèyàn ni, àbí iwin?"

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni Abọ́sẹ̀dé fi la ojú sùn.
Ó ní, "Mo lè gbé inú ọkọ̀. Mi ò lè gbé ìta."
Ó ká aṣọ rẹ̀, ó gba ilé àbúrò rẹ̀ lọ ní Àsero.
Bó ti ń sọ̀kalẹ̀, ó fa ilẹ̀kùn dé gẹ́gẹ́ bí ìṣe.
Ó tún ṣí.

Ìgbà yẹn ni mo ránṣẹ́ pe Ṣógbàmú ní Lafẹ́nwá,
ẹni tó ń so kọ́kọ́rọ́ rọ̀ sí wáyà bí ẹni ń yan ẹja ṣawá.
Mo to kọ́kọ́rọ́ tuntun mẹ́ta tí mo ti rà síwájú rẹ̀.
Kò wò wọ́n. Kò fọwọ́ kan ilẹ̀kùn.
Ó mú ọsàn kan lórí tábìlì mi, ó gbé e sílẹ̀.
Ọsàn yí gbirigbiri, ó bá ẹnu ọ̀nà jáde,
ó kọrí sódò.
Ṣógbàmú dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí àpáta,
ó yọjú wo abẹ́ ilé mi
bí ẹni ń wo abẹ́ ahọ́n aláìsàn.

"Bàbá awakọ̀, kọ́kọ́rọ́ ò ṣẹ̀ yín.
Táyà ọ̀tún gun àpáta, tòsì wà nínú kòtò.
Ẹ lọ́ ilé lọ́rùn, ẹ wá ní kí ẹnu rẹ̀ pàdé."

Ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń páàkì ọkọ̀!
Ohun tó kọ́kọ́ tì lọ́jọ́ náà, ojú mi ni.

A ti jáàkì bọ̀ ọ́, a fi pákó méjì gbè é,
àti òkúta pẹlẹbẹ kan tó wúwo ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ.
Abẹ́ òkúta làwọn baba wa sá sí;
èmi, òkúta ni mo kó sábẹ́ ilé.
Ọkọ̀ ké kẹ̀ẹ̀, ó na ẹ̀yìn.
Ṣógbàmú fi ìka kan ti ilẹ̀kùn.
Kó.
Ó gba owó iṣẹ́, ó gba owó ìdọ̀bálẹ̀,
ó jẹ ọsàn kejì lọ.

Lálẹ́, mo pe Abọ́sẹ̀dé. Mi ò ní kó máa bọ̀.
Mo gbé fóònù sẹ́nu ọ̀nà, mo ṣí i, mo tì í.
Kó.
Ó dákẹ́. Ó ní, "Tún un tì."
Mo tún un tì.
"Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́?"
Mo ní, "Ó tì."
Mo gbọ́ nǹkan kan lọ́hùn-ún:
ẹ̀rín ni, àbí ikọ́.