Agolo Tí A Fi Gbọ́n Omi

Agolo wàrà ni, ó ti dípẹtà létí,
ó jókòó lójú fèrèsé ilé ìdáná wa ní Slite,
ìṣó àti bọ́tìnnì ló kún inú rẹ̀.
Àlejò á ní ká sọ ọ́ nù.
Bàbá mi, Endel, á rẹ́rìn-ín, kò ní fèsì.

Oṣù kẹsàn-án ni, ọdún tí mo pé mẹ́rin.
Àwọn sójà ti wá kó ẹ̀gbọ́n bàbá mi lóru,
a gbọ́ pé orúkọ tiwa ló kàn nínú ìwé.
Létíkun Saaremaa, èèyàn mọ́kàndínlógún
wọ ọkọ̀ apẹja tí kò yẹ kó gbà ju mẹ́fà lọ.
Ìyá mi, Leida, fi ìborùn dí mi lẹ́nu
nítorí òkun máa ń gbé ohùn rìn.
Bàbá mi ń gbọ́n omi.
Ó gbọ́n ọn mọ́jú, ó gbọ́n ọn dalẹ́,
omi ń wọlé bí ẹni tó ni ilé.
Nígbà tí Gotland yọ bí ìlà dúdú lókè omi,
wọ́n ní kó dáwọ́ dúró;
ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́.

Apẹja kan, Algot, ló fà wá gúnlẹ̀.
Ó fún wa ní ọ̀dùnkún gbígbóná nínú ìwé ìròyìn,
kò bi wá léèrè ohunkóhun.
Láti ọjọ́ náà, bí yìnyín bá ti yọ́,
bàbá mi á gbé òòlù, á lọ tún ọgbà Algot ṣe,
ọgbà ì báà dúró sán-ún, ì báà wó.
Algot kú. Ó ń tún un ṣe fún ọmọ rẹ̀.
Ọmọ náà ta ilé. Ẹni tó rà á kò mọ̀ wá rí;
òun kàn ń jí bá ọgbà tuntun ni.

Ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n,
kò pẹ́ẹ́ dé rí, kò béèrè àfikún owó.
Ọdún tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ da iṣẹ́ sílẹ̀,
òun nìkan ló gba ẹnu géètì wọlé.
Wọ́n tutọ́ tẹ̀lé e. Ojú tì mí níléèwé.
Mo ní, "Bàbá, ṣé gbèsè ọ̀dùnkún kì í tán ni?"
Ó wò mí títí. Ó ní,
"Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dáwọ́ dúró nínú ọkọ̀."

Ó pẹ́ kí n tó dárí jì í.
Mo di nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ òru ni mo yàn.
Mo wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, mo ń béèrè owó mi pé:
ọpẹ́ lọpẹ́ ń jẹ́, ẹ̀tọ́ lẹ̀tọ́ ń jẹ́.
Síbẹ̀, bí aago mẹ́wàá alẹ́ bá ti lù,
ara mi kì í gbà kí n jókòó.

Lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn, ní wọ́ọ̀dù tèmi gan-an,
ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ lórí aṣọ ibùsùn,
ó ń bù, ó ń dà, ó ń bù, ó ń dà.
Nọ́ọ̀sì kékeré fẹ́ dì í mú. Mo ní kó fi í sílẹ̀.
Mo jókòó tì í, mo ká àtẹ́lẹwọ́ mi bí agolo,
mo gba ìpín tèmi nínú omi náà
títí ilẹ̀ fi mọ́,
títí ilẹ̀ fi yọ.