Gígùn Ìka Kan

Ní aago mẹ́ta òru, ní yàrá ìbímọ kan l'Ógbómọ̀ṣọ́,
mo dúró pẹ̀lú ìgò kékeré àti ìwé ìyọ̀ǹda,
mò ń tọrọ ohun tí ẹnikẹ́ni kì í tọrọ.

Ìyá Oyèwùsì, ìyá àgbà ọmọ tuntun náà,
wò mí láti orí dé bàtà.
"Ìwọ́ ọmọ ọmọ mi? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?
Ilẹ̀ ló ni ín. Ó ti ń retí ẹ̀ láti oṣù mẹ́sàn-án."

Mo ní, Màmá, ṣé ẹ rántí ẹ̀rọ tí mo so mọ́ yín lápá nírọ̀lẹ́,
tó ní àádọ́sàn-án lórí ọgọ́rùn-ún?
Wọ́n ní, "Mo rántí. Mo sì sọ fún ọ pé inú ò bí mi.
Ta ni ẹ̀jẹ̀ mi wá ń ru sí?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ló gbé mi dé yàrá ìwádìí.
Mo ní, ọ̀nà wà nínú ìwọ́ yìí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà,
àwọn sẹ́ẹ̀lì kan sì tẹ́ ara wọn sí ògiri ọ̀nà náà,
ìpele kan péré, wọn ò gun ara wọn,
bí ẹní tí a tẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.
Irú wọn ló wà nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tiyín,
tiyín kàn ti dàgbà ni.
Mo fẹ́ bi àwọn tí kò tíì rí ìyà
ohun tí ìyà ń fi yín ṣe.

Wọ́n dákẹ́. Ọmọ náà ké.
Wọ́n na ìka ìfábẹ̀lá:
"Gígùn èyí. Má gé e kọjá ibẹ̀.
Ìyókù ń lọ sí ìdí igi kajú wa l'Árówómọlé."

Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n fi iyọ̀ kan ọmọ náà láhọ́n,
wọ́n ní kí ayé rẹ̀ dùn.
Lọ́jọ́ yẹn náà ni mo wọn iyọ̀
sínú omi tí mo fi ń bọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀.
Èmi ò ṣàdúrà. Mo kọ òǹkà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú awò tó ń sọ bíńtín di ńlá.
Kí omi tó ṣàn, wọ́n kàn fọ́n káàkiri,
bí èrò tí kò mọ ibi tí mọ́tò máa dúró sí ní Tákíẹ́.
Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, wọ́n na ara wọn,
wọ́n kọrí síbi tí omi ń lọ, gbogbo wọn,
bí koríko etí odò lẹ́yìn òjò.
Mo pe Dókítà Ọlátóóyè. Ó wò ó, kò sọ nǹkan kan,
ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.
Àwọn tí mo fún ní iyọ̀ jù, tí omi sì ń fipá kọjá lórí wọn,
le gbagidi. Àlàfo ń yọ láàárín wọn.
Ẹní ti ń tú.

Iná lọ lóru ọjọ́ kẹsàn-án. Epo tán nínú jẹnẹrétọ̀.
Mo gun ọ̀kadà dé Sábó, kò sẹ́ni tó ń ta epo.
Mo padà, mo gbé àpótí náà sáyà, mo fi ìró wé e.
Ooru ara ènìyàn ni wọ́n ń fẹ́,
ara ènìyàn kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀.
Mò ń gbọ́ ọkàn mi lára ike, kì, kì, kì.
Nígbà tílẹ̀ mọ́, abọ́ mẹ́rin ti kú nínú mẹ́fà.

Lọ́jọ́ Ajé, Ìyá Oyèwùsì wá gba oògùn.
Ọgọ́jọ lórí márùndínlọ́gọ́rùn-ún.
Wọ́n jẹ́wọ́ pé ìdajì hóró làwọn ń lò, nítorí ó ti gbówó lórí.
Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má gé e mọ́.
Wọ́n ní, "Ìwọ náà gé ìwọ́."
Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí, bí ẹni tó ń béèrè ará ilé,
"Àwọn yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n jí dáadáa?"
Mo sọ òótọ́. Mo ní mẹ́rin kú nínú mẹ́fà.
Wọ́n mi orí.
"Níbo lẹ sin wọ́n sí?"

Àpótí pupa kan wà fún irú wọn nílé ìwòsàn,
lẹ́yìn àpótí, iná.
Mo wo ìka ìfábẹ̀lá wọn lórí tábìlì.
N ò tíì dáhùn.