Eré Láìsí Èrè

Kòkó ló kọ́kọ́ gbé inú ilé náà.
Títí dòní, bí òjò bá ti fẹ́ rọ̀ n'Íkọ̀lé,
òórùn kòkó a jáde lára ògiri,
a wá jókòó láàárín wa bí onílé.

Lọ́dún tí owó kòkó já wálẹ̀,
tí àwọn oníṣòwò palẹ̀ òṣùwọ̀n wọn mọ́,
Tísà Fásubà lọ bá bàbá tó ni ilé.
Kò mú owó dání. Ìtàn kan ló mú dání.
Ó sọ ọ́ láti ìrọ̀lẹ́ títí àkùkọ fi kọ;
bàbá rẹ́rìn-ín, bàbá sunkún, bàbá na kọ́kọ́rọ́ sí i.
"Ẹ máa lò ó. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí òrùlé ó jò."
Òrùlé ti ń jò nígbà yẹn.

Èmi ọmọ aránṣọ, ọmọ ọdún mọ́kànlá,
ni wọ́n fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.
Ẹni tó ní kọ́bọ̀ san kọ́bọ̀,
ẹni tó ní iṣu gbé iṣu kalẹ̀.
Ìbírónkẹ́ ọmọ apọnmi-tà san garawa omi méjì,
ó lọ jókòó níwájú bí olorì.
Lọ́dún kẹta, orí ìtàgé ló wà.

Dáhùnsi ló kọ pátákó.
Ọ̀dà tán lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fi àmì sórí ọ̀rọ̀:
ILE ERE,
ìhòòhò goloto, bí ọmọ tí wọn ò tíì sọ lórúkọ.
Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.
Wòlíì kan kọjá, ó kà á ní ilé ère,
ó fi ọjọ́ méje lu agogo lẹ́nu ọ̀nà wa.
Àwọn ọmọdé kà á ní ilé erè,
wọ́n ní òjòlá ń bẹ lábẹ́ ìtàgé.
Agbowó-orí láti káńsù kà á ní ilé èrè:
"Èrè yín dà? Ẹ san tìjọba."
Ìyá mi, tí kò mọ̀wé rárá,
òun nìkan ló kà á bó ṣe yẹ:
"Ulé eré," ló wí, ó sì ń rán aṣọ ọba lọ
látinú aṣọ ìkélé tó ti gbó.

Tísà ṣí ìwé ìnáwó fún agbowó-orí.
Epo fìtílà. Ìṣó. Gààrí. Gààrí. Okùn.
Nísàlẹ̀, níbi tó yẹ kí èrè wà,
ó kọ ọ́ pé: "Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín."
Ọkùnrin náà kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Ní Sátidé, ó dé, òun àti ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú iṣu.

N kò ní purọ́ fún yín, kì í ṣe gbogbo ọdún ló dùn.
Nígbà tí fídíò wọ̀lú, èèyàn mẹ́rin ló wá lálẹ́ ọjọ́ kan,
ọ̀kan sì ń sùn.
A ṣeré náà láì gé gbólóhùn kan kù;
Tísà ní ẹni tó ń sùn lè jí.
Ìjì ká òrùlé lọ nígbà tí Ìbírónkẹ́ ń ṣòkú lórí ìtàgé.
Òjò ń lù ú lójú, kò ṣẹ́jú.
"Òkú kì í ṣẹ́jú," ló wí fún wa lẹ́yìn náà,
eyín rẹ̀ ń gbọ̀n pẹ̀kẹ̀pẹ̀kẹ̀.

Tísà kú nínú oṣù Ọ̀pẹ.
Kò ní ilé, kò ní mọ́tò.
Ìwé ìnáwó ló fi sílẹ̀ fún mi, àti kọ́kọ́rọ́.

Lánàá, ọmọ Dáhùnsi gbé àkàbà wá, pẹ̀lú ọ̀dà tuntun:
"Ìyá, ẹ jẹ́ n fi àmì sí i."
Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀.
Kí ẹni tó bá ń kọjá kà á bó ṣe mọ̀ ọ́n kà,
kó sì wọlé wá bi wá.

Mo ti ń gbọ́ òórùn kòkó.
Ìwọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, jọ̀wọ́,
bá mi ti garawa yìí sábẹ́ ibi tó ń jò.