Òkùnkùn Tí Mo Fowó Rà

Kútọnù ni mo ti gbé e, nínú páálí,
mo gbé e lé itan bí ọmọ tuntun.
A kọjá Bọ̀ìkọ̀n, a kọjá Ìdáàsà,
ìyá tó jókòó tì mí bi mí pé, "Dígí ni?"
Mo ní, "Ẹkirán ni, mama. Ti kọ̀ǹpútà."
Ó ní kí n rọra, ọ̀nà Ṣábẹ ò mọ ohun ẹlẹgẹ́.

Owó kájú ọdún méjì ló wà nínú páálí yẹn.
N kò sọ iye rẹ̀ fún bàbá mi.
"Wọ́n dín in kù fún mi," ni mo wí.
Òótọ́ ni: wọ́n dín ẹgbẹ̀rún méjì sẹ́fà.

Ẹkirán àtijọ́ ò ṣẹ̀ mí.
Ọdún mẹ́fà ló fi bá mi ṣàìsùn,
àmọ́ iná kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kì í kú:
bí o bá ní kó ṣú, á fa aṣọ bojú,
ìmọ́lẹ̀ á máa yọ́ jò létí aṣọ,
dúdú rẹ̀ á wá dà bí eérú àárọ̀ ọjọ́ kejì,
bí omi tí a fi ṣan ìkòkò ẹ̀wà.
Nínú ihò àpáta inú géèmù, níbi tó yẹ kí ẹ̀rù bà mí,
mo ń rí ọ̀tá lọ́ọ̀ọ́kán. Ó lúgọ, mo ń rẹ́rìn-ín.
Ọdún mẹ́fà ni mo fi rò pé akin ni mí.

Ólẹ́ẹ̀dì yìí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló gbé fìtílà tirẹ̀.
Èyí tí a bá ní kó pa á, á pa á pátápátá,
kò sí pé ará ilé ń tanná, kí n yá díẹ̀ lò.
Alẹ́ àkọ́kọ́, mo wọnú ihò yẹn
bí onílé, mo ń súfèé.
N kò rí nǹkan kan.
Ògùṣọ̀ ọwọ́ mi nìkan ló pupa,
pupa débi pé mo fi ìka kàn án wò.
Wọ́n pa mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta
kí n tó mọ apá ibi tí wọ́n ti ń bọ̀.

Mo mọ òkùnkùn yìí.
Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, à ń ti oko etí Ọ̀pàrá bọ̀,
bátìrì tọ́ọ̀ṣì kú sójú ọ̀nà.
Bàbá mi ò sọ̀rọ̀. Mo di etí ẹ̀wù rẹ̀ mú.
Àwọn òkè Ṣábẹ tí mo mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lójúmọmọ,
kò sí ọ̀kan tó kù nídìí ọ̀run.
Ìràwọ̀ ló ṣẹ́ kù, oníkálukú pẹ̀lú fìtílà tirẹ̀.
Láti ìgbà tí òpó iná ti dé àdúgbò wa
n kò rí i mọ́,
àfi ìgbà tí mo fowó kájú rà á padà.

Bíàú, tó mọ gbogbo nǹkan, ti kì mí nílọ̀:
"Má jẹ́ kí àwòrán kan pẹ́ lójú kan,
á dá a lápá. Ilà ni, kì í ṣí."
Mo ti fi àwòrán ọ̀nà pamọ́.
Mo ti fi òǹkà ẹ̀mí mi pamọ́;
n kò mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó kù lára mi mọ́,
bó ṣe rí fún gbogbo ènìyàn.

Ti àtijọ́ wà lọ́dọ̀ Bọ̀nà, àbúrò mi,
ìṣirò ló ń fi kọ́. Ó ní òun fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀,
òun ò fẹ́ dúdú tó ń wo òun.

Lánàá mo tún wọnú ihò. Mo pa ògùṣọ̀,
mo dúró, mo tẹ́tí.
Ó pẹ́. N kò gbọ́ ẹsẹ̀, n kò gbọ́ omi tó ń kán.
Mo ní: ọ̀tá yìí gbọ́n o.
Àṣé iná ti lọ, gbogbo àdúgbò ti ṣú,
fáànù ti dúró lókè orí mi,
èmi ṣì di eku kọ̀ǹpútà mú gírígírí,
títí bàbá mi fi wúkọ́ ní àgbàlá, tó ní:
"Wórú, níbo lo wà?"