Abọ́ Tí Kò Sí Nínú Fíìmù

Èmi ni mo gún iyán náà,
nínú ilé kan lẹ́yìn Òkè-Fíà tí wọ́n háyà fún ọjọ́ mẹ́ta.
Odó, mo yá a ni. Ọmọ odó, tèmi ni.
Iyán funfun, kò ní kókó kan,
ẹ̀fọ́ rírò, ẹran ògúnfe, panla tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin.
Wọ́n ní kí n da epo lé e lórí kí ó lè máa dán fún kámẹ́rà.
Mo da epo. Owó ni mo wá gbà.

Fadérera jókòó, ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọrùn adó.
Ó bu òkèlè, ó kì í bọ ọbẹ̀, ó fi sẹ́nu,
ó mi orí bí ẹni tí adùn pa.
“Gé e!”
Mo sáré gbé abọ́ rọ́bà aláwọ̀ ewé bá a.
Ó tu òkèlè náà síbẹ̀ lódidi,
ipa ìka rẹ̀ ṣì wà lára iyán.
Ìgbà mọ́kànlá.
Kò gbé ẹyọ kan mì.

Nígbà tí wọ́n pa iná, mo ní,
“Àǹtí, ṣé kí n bu tiyín sínú kúlà?”
Ó di ọwọ́ mi mú; ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ẹja inú yìnyín.
Ó ní kúkúńbà kan lòun jẹ láti àárọ̀ àná,
kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.
N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.
Ajá onílé ló lá abọ́ náà mọ́.

Oṣù kẹrin, fíìmù jáde.
A wò ó nílé wa ní Ìgbọ̀nà, èmi àti Súwébà ọmọ mi,
lórí fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́.
Mo nawọ́: “Iyán mi nìyẹn!”
Fadérera jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́, ó bèèrè òmíràn,
ó dìde, ikùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí wàláà.
A pàtẹ́wọ́.
Obìnrin kan ṣoṣo tó sanra nínú fíìmù náà,
iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni kí ó jókòó kí àga ṣẹ́.
A rẹ́rìn-ín.
Súwébà dákẹ́ kí n tó dákẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ìyá bàbá rẹ̀ ló jọ,
itan tó kún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún,
ọmọ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ kí mi nígbà tó wà lẹ́yìn mi.
Láti ọjọ́ náà, ààwẹ̀ ni.
Mo ní, “Rámádáànì ti lọ, ààwẹ̀ wo?”
Ó lóun ń san gbèsè.
Gbèsè ọjọ́ méje di mọ́kànlélógún.
Mo bá ẹ̀wà tí mo bù fún un nínú ọ̀rá lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, ó ti hu.
Mo bá téèpù télọ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀,
ó fi bírò pupa sàmì síbì kan.
“Màámi, ó jẹun jù mí lọ. A jọ rí i.
Kí ló dé tí tèmi fi ń hàn?”

Mo wọ kíṣíìnì, mo wá a lábẹ́ ìkòkò,
mo gbé abọ́ rọ́bà náà jáde, eyín ajá ṣì wà létí rẹ̀.
“Èyí kò sí nínú fíìmù.”
Mo sọ gbogbo rẹ̀: ìgbà mọ́kànlá, kúkúńbà, ọwọ́ tútù.

Ó wò mí títí.
“Ẹ ti mọ̀ nígbà tí à ń pàtẹ́wọ́?”

Òjò ń rọ̀. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún Ọ̀ṣun ti kún bo bèbè,
kò fa ikùn mọ́ra nítorí ẹni tó ń wò ó.
Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́,
nítorí náà mo pa ẹnu mọ́.
Mo sun iṣu, mo fọ́ ọ sí méjì,
mo jẹ tèmi lójú rẹ̀, mo gbé e mì díẹ̀díẹ̀
kí ó lè rí ọ̀fun mi bí ó ti ń lọ.

Ó ń wo ọ̀fun mi.
Ó nawọ́ sí èyí tó kù, ó fà á padà.
Ó ní ó gbóná.
Mo ní, “Jẹ́ ká jọ fẹ́ ẹ.”