Àbàwọ́n Aláwọ̀ Ọsàn

Ẹgbẹ̀ta èèyàn nínú igbó kan lẹ́yìn ìlú Brandon, ní Manitoba,
ọ̀ọ́dúnrún wọ pupa, ọ̀ọ́dúnrún wọ búlúù,
ìbọn tí kì í pani, ọta tó jẹ́ ọ̀dà,
oṣù kẹsàn-án, ewé igi ti ń pọ́n bí ojú ẹni tó fẹ́ bínú.
Àwọn tá a jọ ń gé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nílé iṣẹ́ ló fà mí wá:
"Akínfẹnwá, wá ṣeré."
Eré! Èmi ọmọ àádọ́ta ọdún,
tí orúnkún mi ń dún bí ìlẹ̀kùn tí wọn kò fepo sí.

Marlene Kowalchuk ni olórí wa,
obìnrin kúkúrú tó ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé.
Kì í pariwo. Láàárọ̀, ó gun orí táyà kátakáta kan,
ó ní, "Òfin mi kò ju ẹyọ kan lọ.
Bí ọta bá bà ọ́, tó fọ́, gbé ọwọ́ sókè, kó o jáde.
Rẹfirí ogún péré ló wà. Ẹ bá mi ka igi."

Agogo mẹ́ta ọ̀sán, òjò wẹ́liwẹ̀li,
èmi ni mo gbé àpò tí gbogbo wa ń torí ẹ̀ sáré,
ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ilé ìṣọ́ onípákó.
Páù. Lẹ́yìn itan mi.
Ta ni kò ní mọ̀? Ó ta mí bí agbọ́n.
Mo nawọ́ sẹ́yìn: ọ̀dà, àwọ̀ ọsàn, ó tutù, ó ń yọ̀.
Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò séèyàn.
Mo fi ọwọ́ nù ún,
ọwọ́ kan náà tí mo fi ń súre fọ́mọ,
mo sì gun àkàbà lọ.

Ariwo sọ! Igba máàkì fún pupa.

Orí ilé ìṣọ́ yẹn ni mo wà tí ọmọkùnrin kan fi yọ nísàlẹ̀,
Tavish lorúkọ ẹ̀, ẹ̀yìn náà ni mo gbọ́,
kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ.
Mo yìnbọn, mo rò pé mo tàsé, igi ni mo rí tí ọ̀dà fọ́ sí.
Ọmọ náà dúró. Ó yẹ abẹ́ apá ara ẹ̀ wò,
ó rí ẹ̀kán ọ̀dà tí kò tó èékánná,
ó gbé ọwọ́ sókè: "O bà mí o, bàbá. O mọ ìbọn yìn!"
Ó rìn jáde nínú òjò, ó ń súfèé.

Ọta ọlọ́dà kì í dá àpá síni lára,
ṣùgbọ́n súfèé yẹn wọ ibì kan lára mi
tí n kò lè fi ọwọ́ nù.
Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.
Nínú igbó yìí, ta ló tilẹ̀ pàtẹ ẹ̀?
Ọmọdé kan ló pàtẹ, ó fi tọrẹ, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ ṣú, wọ́n dáná, wọ́n ń yan sọ́sééjì.
Mo bá Marlene níbi tó ti ń nu ìbòjú ẹ̀.
Mo sọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì mi ń ta kókó bí òwú.
Kò wò mí bí ọ̀daràn, kò sì pè é ní nǹkan kékeré.
Ó ní, "Itan wo?" Mo fi hàn án.
Ó mí kanlẹ̀. Ó ní ká lọ.
A kọjá iná mẹ́ta ká tó dé ọ̀dọ̀ àwọn búlúù,
òun ló kọ́kọ́ lanu:
"Igba máàkì yẹn kì í ṣe tiwa.
Èèyàn mi ló ṣe é, nítorí náà èmi ni mo ṣe é."
N kò ríbi fojú sí.

Máàkì mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n fi borí wa lọ́jọ́ kejì.
Àwọn kan kùn. Gareth kò bá mi sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ títí a fi délé,
rédíò nìkan ló ń dá sọ̀rọ̀.

Mo ti fọ ṣòkòtò yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin.
Ó ṣì wà níbẹ̀, bí èèpo ọsàn tó gbẹ.
Ìyàwó mi ní kí n sọ ọ́ nù.
Mo ní rárá, ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, òun ni mo máa wọ̀ padà síbẹ̀,
kí n wá ọmọ yẹn kàn,
kí n bi í pé súfèé orin wo ni.