Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Ni Mo Sọ

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo sọ, Yadira.
Mo sọ ọ́ níṣojú ìyàwó mi,
ife kọfí rẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ,
mo tún fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri: mẹ́fà.
O wò ó, o rẹ́rìn-ín,
o gbọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀.
Nígbà tí o rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín,
mo ní, "Bóyá kò tilẹ̀ ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀."
Bóyá kékeré yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.
Oníbàárà a máa gbé bóyá lọ sílé,
a tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, a fi aṣọ bò ó,
kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti di ìlérí.

Òjò oṣù kẹwàá nìyí ní Barranquilla.
Òpópónà ti di odò, ọkọ̀ takisí kan ń léfòó níwájú ṣọ́ọ̀bù mi.
Pákó tí mo rà lọ́wọ́ Eustorgio ti mu ọ̀rinrin,
ó wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn.
Bí mo bá lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lónìí, yóò là tó bá di ọdún tuntun,
ibi tó là á wá máa súfèé lábẹ́ orin.
Ta ni yóò ní òjò ló ṣe é?
Èmi Wilfrido ni wọ́n á bú.

Lọ́jọ́ Ajé, o pè mí.
Lọ́jọ́rú, o rán àbúrò rẹ.
Lónìí ìwọ fúnra rẹ dé, agboòrùn rẹ ti kán,
o ní ohùn tó wà nílé Nubia ni o fẹ́,
èyí tó ń mi fèrèsé.
Pálọ̀ rẹ ńkọ́? O fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n lórí ìyẹ̀fun pákó:
ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án síhìn-ín, mọ́kànlá sọ́hùn-ún.
Yadira, yàrá yẹn kò gba erin.
Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní,
àsansílẹ̀ rẹ ni mo ń wò.

Ìgbà náà ni o wá jókòó sórí àpótí ìṣó,
o ní, "Bàbá mi ni."
Ogójì ọdún ló fi wa tírélà, etí rẹ̀ ti ń kú lọ.
Àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń gbọ́ orin báyìí,
á gbé e lé ara pákó, á dijú.

Kí ló dé tí o kò fi èyí ṣáájú,
ṣáájú àwọ̀, ṣáájú títóbi?
Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí,
kí pákó má gbọ̀n ni mo ń bá jà.
Ìhà kan yóò gbọ̀n fún bàbá rẹ.
Màá fá a fẹ́lẹ́, níbi tí ọwọ́ àgbàlagbà ń dé.

Mo nu ògiri.
Mo kọ mẹ́jọ.
Má rẹ́rìn-ín, Yadira.
Èmi náà ò ní rẹ́rìn-ín.